Ohun Tó Wà Nídìí Ìgò Ìrẹsì

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ tó pọ̀: ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kò wù mí nígbà tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan ilé wa. Ó ga jù, kò sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó jókòó sórí àga wa bí ẹrù tí onílé gbàgbé sí ibùdókọ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo fa ẹ̀gbọ́n mi sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo ní, "Ṣé igi tó jókòó sílẹ̀ yìí lẹ fẹ́ fẹ́?" Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní awakọ̀ ojú irin ni, ariwo ọkọ̀ ti bá a sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kó tó délé.

Fèrè la máa ń pè é ládùúgbò wa. Ojú irin gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá, tó bá sì ti ń wa ọkọ̀ bọ̀, á fọn fèrè ọkọ̀ náà: gígùn méjì, kúkúrú kan. Kò sí awakọ̀ mìíràn tó ń fọn ọ́n bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ bá a wí, bá a wí, ó kọ etí ikún sí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà nílé ìdáná lókè, tó bá ti gbọ́ ọ báyìí, omi dé orí iná nìyẹn. Kí Fèrè tó gbé ọkọ̀ sí ibùdó, kó tó fọwọ́, kó bọ́ aṣọ iṣẹ́, kó rìn wá sílé, kó gun àtẹ̀gùn, oúnjẹ ti wà lórí tábìlì, ó ń rú èéfín. Òkè orí wọn gan-an ni mò ń gbé, níbi tí mo ti ń ránṣọ, n kò sì rántí ọjọ́ kan tí ọkùnrin yìí wọlé bá abọ́ òfìfo.

Ẹ má rò pé idán ni o. Pẹpẹ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní pẹpẹ kan tó gùn láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé títí dé ara ilẹ̀kùn. Orí rẹ̀ ló to àwọn ìgò ńlá ẹlẹ́nu fífẹ̀ sí, ìrẹsì, ẹ̀wà, makaroní, ìyẹ̀fun, ṣúgà, iyọ̀. Ẹja alágolo àti tòmátì alágolo wà nísàlẹ̀ wọn, wọ́n tò bí ọmọ iléèwé. Alùbọ́sà wà nínú apẹ̀rẹ̀, ẹyin wà nínú abọ́, òróró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Ó tán. Tí mo bá bá a lọ ra nǹkan, tí mo sì mú ohun aláràbarà kan tó wọ̀ mí lójú, á wò ó, á wò mí, á ní, "Ta ni eléyìí máa bá rẹ́?" Òfin rẹ̀ nìyẹn. Ohunkóhun tí kò bá lè bá àwọn yòókù gbé inú ìkòkò kan láìjà, kò gbọdọ̀ wọlé òun. Ìrẹsì bá ẹ̀wà rẹ́, ó bá ẹyin rẹ́, ó bá ẹja rẹ́. Makaroní, gbogbo ayé ló bá rẹ́. Alùbọ́sà ni alárinà wọn. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ rẹ̀ fi máa ń yá: kò sí ohun tó ń wá kiri, kò sí ohun tó ń sáré lọ rà, ohun tí ọwọ́ bá ti kọ́kọ́ bà lórí pẹpẹ á bá èkejì lọ.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Tó bá ṣe pé òfin yìí ni wọ́n fi ń gba èèyàn wọlé ńkọ́, ṣé ẹ máa jẹ́ kí èmi wọlé?"

Ó ní, "Ìwọ? Ata ni ẹ́. Díẹ̀díẹ̀ la máa ń bù ẹ́ sí i."

Ẹ ò rí i bó ṣe ń bú mi? Bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi kú. Àìsàn náà kò pẹ́ rárá. Kí n má parọ́ fún yín, n kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo kọjú sí ògiri. Mò ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àti ìró ìkòkò nísàlẹ̀, àwọn aládùúgbò ni wọ́n ń dáná fún àwọn tó ń wá kí wa. Fèrè náà kò dé ilé ìdáná. Inú yàrá ló jókòó sí, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá sílé wa. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, nọ́ọ̀sì ni, ìlú mìíràn ló ti ń ṣiṣẹ́, òun nìkan ló ń sá sókè sá sódò. Nígbà tí èrò túká, ó fọ ilé, ó to gbogbo nǹkan padà síbi tí ìyá rẹ̀ máa ń tò wọ́n sí, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin sọ fún Fèrè pé ó tó gẹ́ẹ́, kó máa lọ sinmi.

Ìsinmi wo? Ọ̀sán ló burú jù fún un. Tó bá di ọ̀sán, oòrùn á yọjú láti fèrèsé ilé ìdáná, á gba àárín àwọn ìgò yẹn kọjá. Ìrẹsì á funfun gbòò, ẹ̀wà á pọ́n, òróró á máa dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, àwọ̀ wọn á wá dà pọ̀ sára ògiri, á máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn ṣe ń rìn. Fèrè á gbé àga síwájú pẹpẹ, á jókòó. Ó sọ fún mi pé tí òun bá jókòó pẹ́, tí òun ò sì wo ọ̀kánkán, òun máa ń rí ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, tó tẹ orí díẹ̀, tó ń gé alùbọ́sà. Tí òun bá yíjú báyìí, kò sí ẹnì kankan.

Ọkọ̀ ẹlòmíràn á kọjá lẹ́yìn ilé, á fọn fèrè tirẹ̀, èyí tí kò nítumọ̀. Fèrè á dìde láìmọ̀ pé òun dìde, á gbé omi kaná. Omi á hó, á hó. Ooru rẹ̀ á bo fèrèsé, ìta á pòórá, ilé ìdáná á dà bí inú ìkùukùu. Á wá pa iná, á tún jókòó.

Bí mo bá wọlé bá a bẹ́ẹ̀, ẹnu mi ò ní gbà kí n dákẹ́. Mo máa ní, "Bọ̀dá, omi yìí ò tíì jinná ni?" Á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àmọ́ mo fẹ́ẹ́ sọ òótọ́ kan tí n kò sọ fún un: èmi náà jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí nílé, mi ò sì wo ọ̀kánkán. Àárò ẹ̀gbọ́n mi ń sọ mí. Mo gbóòórùn alùbọ́sà. Ta ló ń gé e? Mi ò yíjú.

Nígbà tó yá, Fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í dáná. Ó yà mí lẹ́nu pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Gbogbo ọdún tó fi jókòó tí kò sọ̀rọ̀, ó ń wòran! Ó mọ ibi tí ẹyin máa ń bá ìrẹsì pàdé, ó mọ ìgbà tí tòmátì ti sun tó, ó mọ̀ pé omi makaroní kì í ṣe dídànù tán. Á ju nǹkan méjì mẹ́ta pa pọ̀, àwọn tí kì í jà, kí n tó fi abẹ́rẹ́ rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan, ó ti ń kan àjà pè mí pẹ̀lú ọ̀pá ìgbálẹ̀ pé kí n wá jẹun. Mo ní Ọlọ́run ṣeun, orí ọkùnrin yìí ti ń padà bọ̀ sípò.

Àṣé nǹkan mìíràn ń lọ lábẹ́lẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo bá a tó ń da ìrẹsì tuntun láti inú àpò sínú ìgò tí kò tíì dé ìdajì.

Mo ní, "Ẹ̀ẹ́ ti rí, Bọ̀dá? Ẹ jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ná. Tí ẹ bá sì máa da tuntun, ẹ kọ́kọ́ da ti àtijọ́ jáde, kí tuntun wà nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ lè máa jẹ ti àtijọ́ lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni òun náà máa ń ṣe é," ó dáhùn.

"Kí ló wá dé tẹ́yin ò ṣe é bẹ́ẹ̀?"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara ìgò náà, bí ẹni ń wò ó bóyá ara rẹ̀ ń gbóná.

Ó ní, "Òun ló da ti ìsàlẹ̀ yìí. Ọwọ́ rẹ̀ ló kàn án kẹ́yìn. Kó tó da ohunkóhun sínú ìgò, ata gbígbẹ mẹ́ta ló máa ń kọ́kọ́ fi sídìí rẹ̀, nítorí kòkòrò. Mo máa ń wò ó láti orí àga yìí. Ata yẹn ṣì wà níbẹ̀. Tí mo bá jẹ́ kí ìdí ìgò yìí hàn, ó parí. Kò tún sí ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún mi mọ́ láyé yìí."

Èmi tí mo jẹ́ àbúrò rẹ̀, ọ̀rọ̀ ata yẹn ṣàjèjì sí mi. Gbogbo ìgò orí pẹpẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí: kò jẹ́ kí ọ̀kankan fà, ó ń da tuntun lé àtijọ́ lórí, ó ń jẹ òkè, ó ń ṣọ́ ìsàlẹ̀. Mo gòkè padà lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, n kò sì rí abẹ́rẹ́ mọ́ nítorí omi tó wà lójú mi.

Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ kan tó kan àjà pè mí wá jẹ ìrẹsì àti ẹyin. Mo bu ṣíbí kan, mo gbé e dé ẹnu, mo rí nǹkan dúdú tín-ín-rín kan lára rẹ̀. Mo rò pé ata ni. Mo wo èkejì dáadáa, ó lẹ́sẹ̀.

"Yéè! Bọ̀dá! Kòkòrò!"

Ó ní, "Mo ti ṣa wọ́n láàárọ̀. Ó ní láti jẹ́ pé díẹ̀ ló kù."

"Díẹ̀ kẹ̀?" Mo ti dìde, mo gbé ìgò ìrẹsì sójú oòrùn. Ẹ gbà mí! Wọ́n ń rìn lára gíláàsì, wọ́n ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, bí ará ọjà. "Ẹ jẹ́ ká da èyí nù kíá."

"Fi sílẹ̀!"

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọkùnrin yìí, kò jágbe mọ́ mi rí. Inú wá bí mi, èmi náà jágbe mọ́ ọn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ò sí nínú ìrẹsì! Ilẹ̀ la sin ín sí!" Bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi, ó dùn mí. Fèrè gba ìgò lọ́wọ́ mi, ó gbé e padà sórí pẹpẹ, ó yí i kí ojú rẹ̀ kọ síta bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń ṣe é. Kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà.

Láti ọjọ́ náà, kò se ìrẹsì mọ́. Ìdí ni pé kò lè jẹ ti òkè mọ́, kò sì fẹ́ kí ó lọ sílẹ̀. Nígbà tó yá, kò ṣí ẹ̀wà, kò ṣí makaroní, ẹ̀rù ń bà á pé ibi tí òun bá bu nǹkan òun ò ní lè dí i padà. Búrẹ́dì àti tíì, búrẹ́dì àti tíì. Ọkùnrin tí pẹpẹ rẹ̀ kún dẹ́nu, ebi ń pa á níwájú rẹ̀! Aránṣọ ni mí, kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi bí èèyàn bá ń rù. Mo gba ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ wọlé. Mo tún gbà á wọlé. Ìgbà tó mú un wá lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní mi ò gbà, aṣọ ti tán, ó kù kí n máa rán awọ ara rẹ̀.

Mo pe ọmọ wa lórí fóònù. Mo ní, "Bàbá rẹ ò jẹun." Mi ò sọ ìdí rẹ̀, ẹnu mi ò gbé e. Ó ní òun ti fẹ́ sọ fún wa tẹ́lẹ̀, wọ́n ti gbé òun wá sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí wa, òun ń bọ̀ wá gbé pẹ̀lú bàbá òun. Mo jó níbi tí mo dúró sí, èmi nìkan, pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn mi.

Ọ̀sán ni ọmọ náà dé. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀, mo sì rí i bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dúró lẹ́yìn bàbá náà, níbi tí egungun ti yọ. Nọ́ọ̀sì ni, ó mọ ohun tí ọwọ́ òun bà. Ó ní, "Ebi ń pa mí, Bàámi, ẹ jẹ́ n wá nǹkan sè." Ó wọ ilé ìdáná, èmi àti bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Oòrùn ti wọ inú àwọn ìgò. Ó na ọwọ́ sókè mú ìrẹsì, ó tẹ orí díẹ̀ báyìí. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi gan-an ni. Mo wo Fèrè, ó ti di ara ilẹ̀kùn mú.

"Bàámi, kòkòrò ti wọ ìrẹsì yìí o."

Mo wúkọ́. Mo ṣẹ́jú sí i. Àmọ́ Fèrè fúnra rẹ̀ ló sọ fún un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ fún mi: ọwọ́ ìyá rẹ̀, ìsàlẹ̀ ìgò, ata mẹ́ta. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ ni ojú ọmọ yìí ń yí padà. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni.

Ó ní, "Ṣé torí èyí ni ẹ ò ṣe jẹun?"

Bàbá rẹ̀ wolẹ̀. Mo ní, "Torí ẹ̀ ni. Wo ṣòkòtò rẹ̀."

Mo wá rí ọ̀nà kan. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ gbọ́ mi. Ìrẹsì ló bàjẹ́, ata kì í bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká da ìrẹsì yìí sórí atẹ, ká yọ ata mẹ́ta yẹn. Mo máa rán àpò kékeré kan fún un, aṣọ tó dáa, ẹ máa fi pamọ́ sọ́dọ̀ yín. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣáà fi wọ́n síbẹ̀."

Fèrè wo ìgò náà pẹ́. Àwọ̀ ara ògiri ti rìn dé ara ilẹ̀kùn. Ó mi orí, ó gbà.

Ọmọ náà sọ ọ́ kíákíá pé, "Rárá, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

"Kí ló ń ṣe ẹ́?" Inú fẹ́ẹ́ bí mi. "Ohun tí mo fi ẹnu bẹ̀ tí mo fi ojú bẹ̀, ó gbà á, ìwọ wá ń sọ pé rárá?" Ó gé ètè jẹ. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti gbé atẹ sórí tábìlì.

Díẹ̀díẹ̀ ló ń dà á, bí ẹni ń da omi sórí ọmọ tuntun. Ìrẹsì ń dún ṣàà, ṣàà. Kòkòrò ń sá lọ sí etí atẹ. Ó dé ìdajì, ó tẹ orí sún mọ́ ọn. Ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀, ó yí ìgò dojú dé, ó gbọ̀n ọ́n.

Kò sí ata.

Ó ki ọwọ́ bọ inú ìgò, ó fi ìka yí ìdí rẹ̀ ká. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ìrẹsì náà pẹrẹsẹ sórí atẹ, ó ń wá a, ó ń wá a. Ó mú ìgò ẹ̀wà, ó da á sórí tábìlì gbuurururu, ẹ̀wà ń bọ́ sílẹ̀, kò wò ó. Kò sí ata. Ó da makaroní. Kò sí. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ata dà?" bí ẹni pé èmi ni mo jí i.

"Bàámi." Ọmọ náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Màámi kọ́ ló da èyí. Èmi ni."

Ọmọ náà gba ìgò makaroní kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ní ọ̀sẹ̀ tí Màámi kú, àwọn tó ń dáná lo gbogbo nǹkan tán, wọ́n gbọn ìgò dé ìdí. Nígbà tí wọ́n lọ, mo wọ ibí, gbogbo ìgò ló ṣófo, oòrùn ń gbà wọ́n kọjá lásán. Ẹ̀yin kò tíì wọ ilé ìdáná. Mo ní tí Bàámi bá rí i báyìí, ó máa kú. Mo lọ ra gbogbo rẹ̀, mo fọ ìgò, mo dí wọn padà ní àárọ̀ tí ẹ ṣì ń sùn, mo tò wọ́n bí Màámi ṣe ń tò wọ́n. Mi ò mọ̀ nípa ata. Màámi ò sọ fún mi rí." Ó ti ń sunkún. "Torí mi ò fi ata sí i ni kòkòrò ṣe wọ̀ ọ́. Ẹ má bínú."

Mo fẹ̀yìn ti ògiri. Mo ń rò ó pé ẹ̀mí ọkùnrin yìí ti bọ́ lọ báyìí, pé ohun tó kù fún un láyé la dà sórí atẹ yìí, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ata tí mo jẹ́, mi ò ní ohun tí mo lè sọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kan ń kọjá lẹ́yìn ilé, ó fọn fèrè. Fèrè rìn lọ sídìí sítóòfù láìmọ̀ pé òun rìn, ó bu omi sínú ìkòkò, ó gbé e kaná. Ó dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìdérí. Nígbà tó yíjú padà, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ó ní, "Láti ìgbà yẹn, oúnjẹ rẹ ni mo ń jẹ. Mi ò kí ẹ pé o ṣeun."

Ni ọmọ náà bá ké, ó kó sí i láyà. Èmi náà ké. Kí ni mo fẹ́ máa ti ara mi lójú sí? A sunkún títí omi fi hó, títí ooru fi bo fèrèsé, tí a ò rí ìta mọ́. Lẹ́yìn náà Fèrè wo orí tábìlì, ó ní, "Makaroní yìí kò ní kòkòrò." Ó kó o sínú omi.

Ọmọ rẹ̀ gé alùbọ́sà. Ó ṣí tòmátì kan, ó ṣí ẹja kan, òróró ta wáá nínú páànù, kí n tó ṣa ẹ̀wà ilẹ̀ tán, oúnjẹ ti dé. Fèrè jẹun! Ó jẹun, ó bù sí i, ó fi búrẹ́dì nu abọ́. Mo ń wò ó, mo ń ka ìbàdí ṣòkòtò tí mo máa tú.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ọmọ náà gba ojú fèrèsé da ìrẹsì yẹn sórí páànù òrùlé ilé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Àwọn ẹyẹlé wá. A dúró lójú fèrèsé, a ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣà á lọ. Fèrè wá fọ ìgò fúnra rẹ̀, ó gbé e sójú oòrùn tó kù. Mo ti sáré gòkè lọ mú ata gbígbẹ wá nílé mi. Ó mú mẹ́ta nínú rẹ̀, ó kó wọn sí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ní, "Òun nìyí. Ìsàlẹ̀ pátápátá. Kó tó di pé o da nǹkan kan."

Ọmọ náà fi wọ́n sí i. Wọ́n dún kó, kó, kó nídìí ìgò.

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń se é, wọ́n ń jẹ ẹ́, ìgò ń lọ sílẹ̀ bí ìgò gbogbo ayé. Èmi ló ń bà lẹ́rù. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, ojú mi á kọ́kọ́ lọ sórí pẹpẹ: ó ku ìdajì, ó ku díẹ̀. Mo ń ṣọ́ ojú Fèrè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ tó kan àjà gbà-gbà-gbà. Mo ju aṣọ oníbàárà sílẹ̀, mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró nínú oòrùn, ó gbé ìgò ìrẹsì dání. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi ata mẹ́ta.

"Wò ó," ó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ó tán."

Ó wọ bàtà rẹ̀, ó jáde lọ ra òmíràn. Mo padà lọ sídìí ẹ̀rọ mi, àmọ́ mi ò ránṣọ, mo kàn jókòó. Ọmọ wà nísàlẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, mo ń gbọ́ tó ń kọrin jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ẹnì kan tó ń súfèé láti ìdí àtẹ̀gùn. Ẹnu lásán ló fi ń sú u, ó sì ń mí hẹlẹ-hẹlẹ nítorí ẹrù tó gbé: gígùn méjì, kúkúrú kan.

Orin dákẹ́ nísàlẹ̀. Mo gbọ́ tí omi ń dà sínú ìkòkò.